Ilé Aṣòfin Kì í Ṣe Ilé Ẹnìkan

Ẹ̀yin ará wa ní Kétu, ní Ṣábẹ̀, ní Àjàṣẹ́ àti ní gbogbo abúlé tí a ti ń kọ́ ìwé Nàgó, ẹ̀yin ni mo ń bá sọ̀rọ̀. Ẹ ti mọ lẹ́tà, ẹ sì ti mọ nọ́ńbà. Ẹ jẹ́ kí a fi nọ́ńbà yẹn ka ohun kan tó kan gbogbo wa: àwọn dépútè tó jókòó ní Ilé Aṣòfin ní Àjàṣẹ́. N kò ní bá yín ka aṣọ tí wọ́n wọ̀ tàbí ọkọ̀ tí wọ́n ń gùn. Ẹgbẹ́ tí wọ́n ti wá ni a ó kà.

Ní ọjọ́ 11 oṣù kìn-ín-ní ọdún 2026, a dìbò. Àga 109 ló wà nínú ilé náà. Ẹgbẹ́ Union Progressiste le Renouveau mú 60. Ẹgbẹ́ Bloc Républicain mú 49. Ẹ mú bíìkì yín, ẹ rò ó pọ̀: 60 àti 49 jẹ́ 109. Kò ṣẹ́ ku ọ̀kan. Ẹgbẹ́ méjèèjì yìí ló sì ń ti Ààrẹ Patrice Talon lẹ́yìn nígbà náà. Ẹgbẹ́ Les Démocrates, tó ń ta ko Ààrẹ, tó ní àga 28 nínú ìbò ọdún 2023, kò rí àga kan ṣoṣo.

Ṣé kò sí ẹni tó dìbò fún wọn ni? Ó wà. Nínú ènìyàn 100 tí a ka ìbò wọn, bíi 16 ló yan ẹgbẹ́ náà. Obìnrin kan nínú kíláàsì wa, tó ń ta gàrí, kọ ọ́ sórí pátákó: 16 nínú 100. Ó wá bi mí pé: «Olùkọ́, bí ènìyàn 100 bá dá èsúsú, tí 16 kò sì gba nǹkan kan, ṣé èsúsú nìyẹn?» N kò rí èsì fún un, torí pé èsì ti wà nínú ìbéèrè rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bí ó ṣe ṣẹlẹ̀. Wọ́n pín orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ sí agbègbè ìbò 24. Ṣábẹ̀, Ouèssè àti Glazoué jẹ́ agbègbè kan. Òfin ìbò tí àwọn dépútè ṣe ní ọdún 2024 sọ pé kí ẹgbẹ́ kan tó rí àga, ó gbọ́dọ̀ ní ìbò 20 nínú 100 ní agbègbè kọ̀ọ̀kan. Ẹ ka ọ̀rọ̀ yẹn lẹ́ẹ̀mejì. Kì í ṣe 20 nínú 100 ní gbogbo ilẹ̀ lápapọ̀. Ní agbègbè kọ̀ọ̀kan ni, láìku ọ̀kan nínú 24. Ká sọ pé àwọn ará Ṣábẹ̀, Ouèssè àti Glazoué fẹ́ràn ẹgbẹ́ kan, tí 60 nínú 100 wọn dìbò fún un. Bí ẹgbẹ́ náà bá rí 19 péré ní agbègbè kan ní òkè Àríwá, níbi tí ará Ṣábẹ̀ kò dé rí, ìbò Ṣábẹ̀ ti di omi nìyẹn. Ẹlòmíràn, tí wọn kò yàn, ni yóò lọ jókòó ní Àjàṣẹ́ ní orúkọ wọn.

Òfin náà gbà kí ẹgbẹ́ tó ti bá ẹgbẹ́ mìíràn tọwọ́ bọ̀wé ṣáájú ìbò ro ìbò wọn pọ̀. Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ tí kò bá rí alájọṣe tó wúwo, ọwọ́ òfo ni yóò bá jáde.

Mo mọ ohun tí àwọn tó fara mọ́ òfin yìí ń sọ. Wọ́n ní ẹgbẹ́ òṣèlú ti pọ̀ jù ní ilẹ̀ wa tẹ́lẹ̀, wọ́n ju 200 lọ nígbà náà, òmíràn kò ju ọkọ, ìyàwó àti àbúrò ìyàwó lọ. Òótọ́ ni. Àwa náà rẹ́rìn-ín wọn. Ṣùgbọ́n ẹni tó ní koríko pọ̀ lóko, ṣé ó ń sun àgbàdo mọ́ ọn ni? Ẹgbẹ́ tí ènìyàn 16 nínú 100 yàn kì í ṣe ẹgbẹ́ ọkọ àti ìyàwó.

Òfin kan náà mọ bí a ṣe ń dáàbò bo ẹni tí ohùn rẹ̀ lè sọnù. Nínú àga 109 yẹn, ó ya 24 sọ́tọ̀ fún obìnrin, ọ̀kan ní agbègbè kọ̀ọ̀kan. Ó dára, mo yìn ín. Ẹni tó mọ èyí ṣe, kí ló dé tí kò mọ ìyẹn ṣe?

Ọ̀rọ̀ tó ń dùn mí jù ni èyí tí ẹ̀yin fúnra yín ń sọ lábẹ́ igi àti lọ́jà, pé: «Ẹ jẹ́ ká wà lẹ́yìn ìjọba, kí ọ̀dà lè dé ọ̀nà wa, kí iná lè dé ilé wa. Ilé tí ohùn rẹ̀ bá jẹ́ ọ̀kan, iṣẹ́ rẹ̀ á yá.» Ẹ̀yin àgbà, ẹ ti rí irú ilé bẹ́ẹ̀ rí! Ní ọdún 1979, ní ayé ẹgbẹ́ PRPB, ènìyàn 336 ló wọ ilé aṣòfin, orúkọ gbogbo wọn wà lórí ìwé kan ṣoṣo, ẹgbẹ́ kan ṣoṣo. Ohùn wọn jẹ́ ọ̀kan. Irú ilé ohùn kan bẹ́ẹ̀ náà ló jókòó títí báńkì ìjọba fi wó ní 1988 àti 1989, tí owó ẹni tó fi pamọ́ síbẹ̀ há, tí àwọn olùkọ́ ń ṣiṣẹ́ oṣù dé oṣù láìgba owó. Ta ló dìde nínú ilé láti béèrè ibi tí owó lọ? Nítorí ìyẹn ni a fi ṣe àpérò ńlá ní Kútọnu ní oṣù kejì ọdún 1990, tí a sì gbà kí ẹgbẹ́ pọ̀.

Ọ̀nà àti iná kì í sì í ṣe ẹ̀bùn ẹgbẹ́ kankan. Tíkẹ́ẹ̀tì tí ẹ ń já lọ́jà, ẹni tó dìbò fún Démocrates ń san án, ẹni tó dìbò fún Bloc ń san án.

Ẹ tún rántí ọdún 2019. Wọ́n ní kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan fi 249 mílíọ̀nù fàráńkì lélẹ̀, kó sì gba ìwé ẹ̀rí. Nígbà tó di ọjọ́ 28 oṣù kẹrin, ẹgbẹ́ méjì péré ló kù, tí àwọn méjèèjì jẹ́ ti Ààrẹ: 47 àti 36, àga 83 pé. Nínú ènìyàn mẹ́rin tí orúkọ wọn wà lórí ìwé ìbò, bíi ẹnìkan ló jáde lọ dìbò. Ní oṣù karùn-ún, wọ́n yìnbọn ní Kútọnu, ènìyàn kú. Ní oṣù kẹfà, ìjà náà dé Ṣábẹ̀. Ẹni tí a kò jẹ́ kó sọ̀rọ̀ nínú ilé, ìgboro ni yóò ti sọ ọ́.

Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dájọ́, àwọn baba wa ní òṣìkà ni. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2025, nígbà tí wọ́n yí òfin ńlá ilẹ̀ wa padà, 90 sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, 19 sọ pé rárá. Rárá yẹn kò dá a dúró, ṣùgbọ́n a gbọ́ ọ. Ohun tí wọ́n yí padà ni pé dépútè yóò máa lo ọdún 7. Ẹ kà á: 2026 títí dé 2033. Ọmọ tí ẹ gbé pọ̀n lọ síbi ìbò yóò ti máa kàwé ní lékóòlù kí àga kan tó ṣí.

Ohun mìíràn tún wà tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ du ipò Ààrẹ gbọ́dọ̀ gba ìbuwọ́lù àwọn dépútè àti mẹ́ẹ̀rì. Ní ọdún 2025, 28 ni wọ́n béèrè. Ìbuwọ́lù kan ló dín fún Les Démocrates, wọ́n sì yọ olùdíje wọn kúrò. Ìyẹn nígbà tí wọ́n ṣì ní àga 28. Nísinsìnyí tí wọn kò ní ọ̀kan, ta ni yóò buwọ́ lù fún wọn?

N kò ní kí ẹ dìbò fún ẹgbẹ́ yìí tàbí tọ̀hún. Mo ní kí ẹ béèrè ohun kan lọ́wọ́ dépútè tó bá wá kí yín, ìbáà jẹ́ ti 60, ìbáà jẹ́ ti 49. Kí ẹ kọ ọ́ sórí ìwé ní Nàgó, kí gbogbo kíláàsì fọwọ́ sí i, kí ẹ fi lé e lọ́wọ́: kí wọ́n yọ «ní agbègbè kọ̀ọ̀kan» kúrò nínú òfin ọdún 2024, kí ìbò Ṣábẹ̀ yan dépútè Ṣábẹ̀, kí ìbò Kétu yan ti Kétu. Kí ẹ sì kọ déètì sí i.