Òkìkí Bráúsà Kì í Ṣe Ẹ̀rí Ààbò Rẹ̀

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ wa lọ́kùnrin àti lóbìnrin, ẹnikẹ́ni tí ó bá ń kọ́lé kì í ra ilẹ̀kùn kìkì nítorí pé gbogbo àdúgbò ni ó ń ra irú rẹ̀. Yóò wò ó bóyá àgádágodo rẹ̀ lágbára, yóò sì bèèrè ẹni tí yóò bá a tún un ṣe ní ọjọ́ tí ó bá bàjẹ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọ̀rọ̀ bá kan bráúsà, èyíinì ni ohun tí a fi ń ṣí ojú ewé íntánẹ́ẹ̀tì lórí fóònù àti kọ̀ǹpútà, ìdáhùn tí mo sábà ń gbọ́ lẹ́nu yín ni pé: "Èyí tí gbogbo ayé ń lò ni èmi náà ń lò." Ìdáhùn yìí kò tó. Ẹnu ilẹ̀kùn yìí ni owó wa ní báǹkì, èsì ìdánwò wa àti àṣírí ilé wa ń gbà kọjá.

Ẹ jẹ́ kí á wo ohun tí ó ti ṣẹlẹ̀ sẹ́yìn. Ní ọdún 1995 ni ilé-iṣẹ́ Microsoft gbé Internet Explorer jáde láti fi bá Netscape Navigator, tí ó ti jáde ní 1994, díje. Wọ́n so ó mọ́ Windows, tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tí ó ra kọ̀ǹpútà ń bá a nínú rẹ̀ láìsan kọ́bọ̀. Nígbà tí yóò fi di 2003, nínú ènìyàn 10 tí ń lo íntánẹ́ẹ̀tì, ó lé ní 9 tí ń lò ó. Bí ó bá jẹ́ pé òkìkí ni ààbò, kò yẹ kí ewu kankan wà nígbà náà. Òdìkejì rẹ̀ ni a rí.

Ìdí méjì ni ó fà á. Èkínní, ọjà tí ó bá kún ni gbéwiri ń ná. Olè tí ó bá rí ihò kan lára ohun tí gbogbo ayé ń lò yóò ti ihò kan ṣoṣo náà wọ ilé púpọ̀. Èkejì, oníṣòwò tí kò ní olùdíje kì í kánjú tún ọjà rẹ̀ ṣe. Ẹ̀dà kẹfà Internet Explorer jáde ní 2001. Ó di 2006 kí ẹ̀dà keje tó jáde. Láàárín àkókò yìí, ní oṣù kẹfà 2004, US-CERT, àjọ tí ń mójú tó ààbò kọ̀ǹpútà fún ìjọba Amẹ́ríkà, kọ ọ́ sílẹ̀ pé lílo bráúsà mìíràn wà lára ọ̀nà tí a lè gbà dín ewu kù. Ní oṣù kìíní 2010, lẹ́yìn tí àwọn olè gba ihò kan nínú rẹ̀ kọlu Google àti àwọn ilé-iṣẹ́ mìíràn, àjọ ààbò kọ̀ǹpútà ìjọba Jámánì gba àwọn ará ìlú níyànjú pé kí wọ́n lo òmíràn títí àtúnṣe yóò fi dé.

Nígbà tí Firefox jáde ní 2004, tí Chrome sì tẹ̀lé e ní 2008, ni ìdíje tún bẹ̀rẹ̀. Ní 2012, nínú ìṣirò ilé-iṣẹ́ StatCounter, Chrome borí Internet Explorer. Ní ọjọ́ 15 oṣù kẹfà 2022, Microsoft fúnra rẹ̀ dáwọ́ ìtìlẹ́yìn dúró fún un lórí ọ̀pọ̀ ẹ̀dà Windows 10. Bẹ́ẹ̀ ni òkìkí ṣe ń ṣí kiri.

Ǹjẹ́ ó wá yẹ kí á máa sá fún ohun tí ó lókìkí bí? Rárá o. Ẹni tí ó sá fún olè ojú títì, tí ó wá gba inú igbó lọ, kò tíì bọ́ lọ́wọ́ ewu. Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń lò ni ọ̀pọ̀ ojú ń ṣọ́. Google àti Mozilla, tí ó ni Firefox, ń san owó fún ẹni tí ó bá fi ihò hàn wọ́n. Láti 2023 ni Chrome sì ti ń gbé àtúnṣe ààbò jáde lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Bráúsà tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ lè má ní ẹni tí ń ṣọ́ ọ rárá. Kí ẹ sì mọ̀ pé orúkọ lè yàtọ̀ kí ìpìlẹ̀ jẹ́ ọ̀kan: orí Chromium ni a kọ́ Chrome, Edge, Opera àti Brave sí. Bí ihò bá yọ nínú ìpìlẹ̀ náà, gbogbo wọn ni ó kàn. Ẹni tí ó bá yára gbé àtúnṣe jáde ni ó sàn jù.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan mú fóònù rẹ̀ wá fún mi láìpẹ́ yìí. Bráúsà tí ó lókìkí jù lọ ni ó wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ó ti lé ní ọdún 2 tí ó ti gba àtúnṣe kẹ́yìn. Mo bi í léèrè ìdí rẹ̀. Ó ní, "Àlùfáà, àtúnṣe yẹn ń jẹ dátà." N kò bá a wí, nítorí mo mọ iye tí dátà jẹ́. Ṣùgbọ́n bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò ní ríbi wọ ọ́. Ní ọjọ́ tí àtúnṣe bá jáde, àwọn olè pẹ̀lú yóò mọ ibi tí ihò náà wà. Ẹni tí kò gbà á ni wọn yóò wá lọ.

Ìfẹ́ láti ṣọ́ dátà ná yìí kan náà ni ó mú kí ọ̀pọ̀ wa fẹ́ràn Opera Mini. Ó dára fún ìròyìn kíkà. Ṣùgbọ́n bí a bá gbé e sí ipò tí ó ń dín dátà kù jù lọ, orí kọ̀ǹpútà ilé-iṣẹ́ náà ni ojú ewé ń gbà kọjá kí a tó fún un pọ̀ fún wa. Nítorí náà àgádágodo kì í ti ọ̀dọ̀ wa dé ọ̀dọ̀ báǹkì tààrà. Ẹ má ṣe fi ipò yẹn san owó.

Kí ẹ tó yan èyíkéyìí, ẹ bèèrè nǹkan mẹ́ta. Ta ni ó ṣe é, ìgbà wo ni ó sì tún un ṣe kẹ́yìn? Ǹjẹ́ fóònù tàbí kọ̀ǹpútà mi ṣì ń gba àtúnṣe náà? Láti 2023, ẹ̀dà 109 ni Chrome parí sí lórí Windows 7. Ìbéèrè kẹta: ṣé ibi tí ẹni tí ó ṣe é fi sí ni mo ti gbà á, àbí ọwọ́ ọ̀rẹ́ ni?

Ojú olójú kò jọ ojú ẹni. Ẹ jẹ́ kí gbogbo ayé máa lo èyí tí ó wù wọ́n. Ẹ̀yin, ẹ yẹ ilẹ̀kùn yín wò lálẹ́ òní, kí ẹ sì gba àtúnṣe tí ó ń dúró dè yín.