Pákó Orí Ọkọ̀ Ogun: Ẹ Má Parọ́ Mọ́ Ọn

Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1944, orí pákó ọkọ̀ abẹ́-omi Amẹ́ríkà, USS Pampanito, ni wọ́n fa ẹlẹ́wọ̀n ogun 73 gòkè sí láti inú òkun, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Ọsirélíà. Lónìí, bí pákó irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ bá gbó, àwọn oníṣẹ́ ọnà a máa fi ṣe gègé àti àpótí tà. Ó sàn ju kí ó jẹrà lọ. Ṣùgbọ́n òjò àti oòrùn ti mú kí wọ́n pààrọ̀ ọ̀pọ̀ pákó wọ̀nyí lẹ́yìn ogun. Òtítọ́ dọ́jà, ó kùtà. Owó lọ́wọ́ là ń ra èké. Kí olùtajà sọ ọdún tí wọ́n tẹ́ pákó náà. Ẹni tó bá pe pákó àtúnṣe ní pákó ogun, ìyà àwọn ẹlẹ́wọ̀n náà ló fi ń pawó.