Ta Ni Yóò Tọ́jú Ọmọ Olùtọ́jú?

Ẹ̀yin ará wa, òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ àti ẹ̀yin awakọ̀, ọ̀rọ̀ kan wà nílẹ̀ tí ó yẹ kí ẹgbẹ́ wa dá sí. Púpọ̀ nínú wa ni ìyàwó tàbí àbúrò wa obìnrin ti lọ sí Ìlú Ọba láti máa tọ́jú àwọn arúgbó. Àwọn ni wọ́n ń wẹ̀ fún ìyá onìyá, tí wọ́n ń bọ́ bàbá oníbàbá, tí wọ́n sì ń jí lóru láti yí aláìsàn padà lórí ibùsùn. Ọmọ tiwọn ńkọ́? Ọ̀dọ̀ ìyá àgbà ni wọ́n wà níhìn-ín, orí fóònù ni wọ́n ti ń kí ìyá wọn.

Kì í ṣe pé àwọn ìyá wọ̀nyí kọ ọmọ sílẹ̀. Òfin ni ó pín wọn níyà. Ní oṣù kejì ọdún 2022, ìjọba Ìlú Ọba ṣí físà sílẹ̀ fún àwọn olùtọ́jú arúgbó láti òkèèrè, nítorí òṣìṣẹ́ kò tó wọn. Nígbà náà, wọ́n lè mú ọkọ àti ọmọ lọ. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ 11 oṣù kẹta ọdún 2024, ẹni tí ó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gba físà iṣẹ́ yìí kò gbọdọ̀ mú wọn dání mọ́. Ní ọjọ́ 22 oṣù keje ọdún 2025, wọ́n tilẹ̀ ti ọ̀nà náà mọ́ ẹni tí ó bá fẹ́ ti òkèèrè wá. Ejẹ́ǹtì tí ó bá ṣì ń ta á fún yín, olè ni.

Ìṣòro àwọn tí wọ́n ti wọlé kí òfin 2024 tó dé kò kéré. Ìyá tí ó dá wà lọ́hùn-ún ní láti fi ẹ̀rí hàn pé òun nìkan ni ọ̀rọ̀ ọmọ náà wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ gbọ́ ná: bí bàbá bá ń san owó iléèwé, tí ìyá àgbà ń bọ́ ọmọ, tí ẹ̀gbọ́n ń bá a wí, ta ni ó dá a tọ́? Ohun tí a ń pè ní ẹbí níhìn-ín ni wọ́n fi ń dá ìwé rẹ̀ padà. Bí ọmọ bá sì pé ọdún 18 kí ìyá tó rí owó àti ìwé kó jọ, ó parí nìyẹn.

Èyí tí ó kan ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ jù ni pé ọwọ́ ọ̀gá ni físà náà so mọ́. Bí ọ̀gá bá lé e, tàbí tí ìjọba gba ìwé àṣẹ ọ̀gá, ọjọ́ 60 péré ni wọ́n sábà máa ń fún un láti wá ọ̀gá mìíràn. Ìyá tí ọ̀nà ọmọ rẹ̀ wà lọ́wọ́ ọ̀gá, báwo ni yóò ṣe la ẹnu béèrè owó ófátáìmù?

Ìjọba wọn ní ẹbí tí ń wọlé pọ̀ jù: nǹkan bí 120,000 ni ó bá olùtọ́jú 100,000 wọlé láàárín ọdún kan tí ó parí ní oṣù kẹsàn-án 2023. A gbọ́. Ṣùgbọ́n ọkọ tí ó tẹ̀lé ìyàwó ní àṣẹ láti ṣiṣẹ́, ó sì ń san owó orí. Àwọn àgbà ní ọmọ ẹni kì í ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ kí a fi ìlẹ̀kẹ̀ sí ìdí ọmọ ẹlòmíràn. Òfin yìí ń fi ipá mú ìyá ṣe bẹ́ẹ̀.

Ìmọ̀ràn 151 tí Àjọ Òṣìṣẹ́ Àgbáyé (ILO) gbé jáde ní ọdún 1975 sọ pé kí ìlú tí ó gba òṣìṣẹ́ àti ìlú tí ó ti wá sa gbogbo ipá wọn kí ẹbí rẹ̀ lè tètè wá bá a. Ọ̀rọ̀ náà kan ìjọba tiwa pẹ̀lú. Kí àwọn aṣáájú wa gbé e síwájú wọn, kí wọ́n má fi owó tí àwọn obìnrin wọ̀nyí ń fi ránṣẹ́ yangàn lásán.

Ẹ̀yin ọkọ tí ẹ wà nílé, ẹ fi owó náà tọ́ ọmọ. Ẹ sọ fún àwọn ìyàwó yín kí wọ́n wọ ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ lọ́hùn-ún; UNISON ń gba àwọn olùtọ́jú. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà.