Iná Ń Tàn, Ọ̀rọ̀ Kò Wọlé



Láìpẹ́ yìí, mo wà lórí ìlà ní ọ́fíìsì ìjọba kan. Ìwé ìbí ni gbogbo wa ń dúró dè. Wọ́n ti ra kọ̀ǹpútà tuntun síbẹ̀. Wọ́n ti fi wáyà so ó mọ́ àpótí kékeré tí gbogbo kọ̀ǹpútà ilé náà fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀. Switch ni orúkọ àpótí náà. Ní ẹ̀gbẹ́ ihò tí wáyà wọ̀, iná kékeré kan ń tàn, tí ó fi hàn pé wáyà ti so wọ́n pọ̀. Síbẹ̀, ìwé kan ṣoṣo gba ìdajì wákàtí kí ó tó jáde. Akọ̀wé ní kọ̀ǹpútà ti bàjẹ́. Kọ̀ǹpútà kò bàjẹ́. Àwọn ẹ̀rọ méjèèjì ni kò gbọ́ ara wọn yé.

Gbogbo ẹ̀rọ kọ́ ni ó yára bákan náà. Òmíràn ń fi mẹ́gábíìtì 10 ránṣẹ́ ní ìṣẹ́jú àáyá kan, òmíràn 100, òmíràn 1000. Àwọn ti àtijọ́ mìíràn kò lè sọ̀rọ̀ kí wọ́n sì máa gbọ́ lẹ́ẹ̀kan náà: ọ̀kan gbọ́dọ̀ dákẹ́ kí èkejì tó fọhùn. Àwọn tuntun lè ṣe méjèèjì pọ̀.

Báwo ni switch ṣe ń mọ ẹni tí ó wà ní ìdí wáyà? Ó ń béèrè ni. Láti ọdún 1995 ni àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ti fi ìlànà yìí lélẹ̀. Bí a bá ti ki wáyà bọ ihò, kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan á fi àmì kéékèèké ránṣẹ́ gba inú wáyà: “Ohun tí mo lè ṣe nìyí.” Èkejì á sọ tirẹ̀. Wọn á wá mú èyí tí ó dára jù nínú ohun tí àwọn méjèèjì lè ṣe. Bí ọ̀kan bá lè ṣe 1000, tí agbára èkejì kò ju 100 lọ, 100 ni wọn yóò jọ bá lọ.

Ní ọ́fíìsì yẹn, ẹnìkan ti pàṣẹ fún ihò switch náà pé kí ó dúró sórí 100, kí ó máa sọ kí ó sì máa gbọ́ lẹ́ẹ̀kan náà, kí ó má sì bá ẹnikẹ́ni jíròrò mọ́. Kọ̀ǹpútà tuntun béèrè, kò rí ìdáhùn. Ó mọ ìyára switch láti inú àmì tí ó ń gbà, ṣùgbọ́n kò lè mọ̀ bóyá ó ń sọ tí ó sì ń gbọ́ pọ̀. Ó wá mú ọ̀nà àtijọ́, ó ń dúró kí èkejì dákẹ́. Switch kò dákẹ́. Ọ̀rọ̀ ń kọlu ọ̀rọ̀, wọ́n sì ń tún èyí tí ó sọnù rán. Iná kò yé tàn.

Ìyá kan wà níwájú mi. Akọ̀wé fi èdè Faransé bi í bóyá orúkọ ọmọ tọ̀nà. Ìyá mi orí. Nígbà tí mo bá a wo ìwé náà, orúkọ bàbá ni wọ́n kọ sí ipò orúkọ ọmọ. Orí tí ó mì yẹn dà bí iná kékeré náà: ó ń tàn, ọ̀rọ̀ kò wọlé.

Nítorí náà ni mo ṣe ń sọ fún àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba pé: ẹ kọ́kọ́ béèrè. “Ìyá, èdè wo ni ẹ gbọ́?” Bí ó bá jẹ́ Yorùbá, ẹ fi Yorùbá bá wọn sọ̀rọ̀, tàbí kí ẹ pe ẹni tí ó gbọ́ ọ. Àwọn kan yóò ní èyí ń fi àkókò ṣòfò. Ìbéèrè náà kò gbà ju ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan lọ. Mélòó ni ọjọ́ tí a ó fi tún ìwé tí a kọ ní àṣìṣe ṣe?

Ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ ìwé kà, ẹ má ṣe mi orí sí ohun tí kò yé yín. Ẹ sọ ohun tí ẹ lè ṣe: “Mo lè ka Yorùbá. N kò gbọ́ Faransé.” Kò sí ìtìjú níbẹ̀. Ẹni tí ó bá béèrè ọ̀nà kì í ṣìnà.