Ẹ Jẹ́ Kí Ọmọ Fojú Rí Bí Ewé Ṣe Ń Se Oúnjẹ

Ẹ bi ọmọ SS1 pé kí ni photosynthesis, yóò kà á geere: oòrùn, omi, carbon dioxide, chlorophyll. Ẹ wá bi í pé níbo ni ìrókò ti rí gbogbo ara tó fi di ràbàtà. Yóò ní inú ilẹ̀ ni. Irọ́ ni. Jan Baptist van Helmont, ẹni tí ìwé rẹ̀ jáde ní 1648, gbin igi kékeré sínú erùpẹ̀ tó ti wọ̀n, ó sì ń bomi rin ín fún ọdún 5. Igi náà fi ohun tó lé ní kílò 70 wúwo sí i, erùpẹ̀ kò sì dín tó gíráàmù 100. Van Helmont ní omi ló di igi. Kò mọ̀ pé afẹ́fẹ́ lọ́wọ́ nínú rẹ̀.

Afẹ́fẹ́ tó ń gba ihò tíntìntín ara ewé wọlé kò ṣeé fi ṣọ́ọ̀kì yà kó yéni bọ̀rọ̀. Fídíò lè fi í hàn. Ní ti géèmù orí fóònù tó ń ṣàfihàn iṣẹ́ ewé, ọmọ fúnra rẹ̀ ni yóò dín ìmọ́lẹ̀ kù, tí yóò rí i pé oúnjẹ ewé dín kù. Yóò tún bu ìmọ́lẹ̀ kún un títí àfikún kò fi ní mú nǹkan wá mọ́, torí pé carbon dioxide ni kò tó.

Àmọ́ bí olùkọ́ bá kàn tan fídíò sílẹ̀ tó jókòó, sinimá ni àwọn ọmọ wò. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ kọ́kọ́ wò ó, kí ẹ gbà á sórí fóònù láti ilé, kí ọ̀rọ̀ iná àti dátà má baà da iṣẹ́ rú. Ìṣẹ́jú 5 ti tó. Ẹ dá a dúró láàárín, kí ẹ bi wọ́n pé kí ni wọ́n rò pé yóò ṣẹlẹ̀.

Lẹ́yìn náà, ẹ lo ewé gidi, torí ìròyìn kò tó àfojúbà. Ẹ gbé ewéko inú ìkòkò sínú òkùnkùn fún ọjọ́ 2, ẹ fi pépà dúdú bo apá kan ewé rẹ̀, kí ẹ wá gbé e sóòrùn fún wákàtí mélòó kan. Ẹ já ewé náà, ẹ bọ̀ ọ́, ẹ rẹ ẹ́ sínú sípíríìtì tí ẹ gbé sínú omi gbígbóná títí àwọ̀ rẹ̀ yóò fi ṣí. Ẹ má gbé sípíríìtì súnmọ́ iná o, ó ń gbiná! Ẹ kán iodine sí i: ibi tí oòrùn rí yóò dúdú, torí ibẹ̀ ni ewé ti se oúnjẹ; ibi tí pépà bò kò ní dúdú.

Ẹ̀yin òbí, ẹ má kàn gba fóònù lọ́wọ́ ọmọ tó ń ṣe irú géèmù yìí. Ẹ ní kó ṣàlàyé fún yín ìdí tí apá kan ewé náà fi dúdú tí èkejì kò dúdú. Bó bá lè ṣe é, WAEC kò ní bá a lójijì.