Orí Bíbẹ́ Kọ́ Ni Oògùn Orí Fífọ́

Kò sí òbí tí kò mọ̀ pé oògùn olóró ti di àrùn ńlá ní ilẹ̀ Nàìjíríà. Ó ti ba ayé ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ jẹ́, ó sì ń fún olè àti ajínigbé ní ìgboyà. Nítorí náà, nígbà tí Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Àgbà ní Àbújá pinnu ní ọjọ́ 9 oṣù Kárùn-ún ọdún 2024 pé ikú ni kí ó jẹ́ ìjìyà oníṣòwò oògùn olóró, ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó pàtẹ́wọ́. Wọ́n ní ojú bọ̀rọ̀ kọ́ ni a fi ń gba ọmọ lọ́wọ́ èkùrọ́. Òtítọ́ ni, ṣùgbọ́n àwọn àgbà kan náà ni ó wí pé orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́.

Ìbéèrè àkọ́kọ́ ni pé: ǹjẹ́ ìwé òfin ilẹ̀ wa gba irú ìjìyà bẹ́ẹ̀ láyè? Ó gbà á. Ẹsẹ̀ 33 nínú ìwé òfin ọdún 1999 fún olúkúlùkù ní ẹ̀tọ́ láti wà láàyè, ṣùgbọ́n ó yọ ẹni tí ilé-ẹjọ́ bá dá ẹjọ́ ikú fún sẹ́yìn. Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ pàápàá ti sọ ọ́ ní ọdún 1998 pé ìdájọ́ ikú kò lòdì sí ìwé òfin. Síbẹ̀, kì í ṣe gbogbo ohun tí òfin gbà láyè ni ọgbọ́n gbà. Òfin kò ní kí baálé má ta ilé rẹ̀. Èyí kò sọ gbogbo baálé tí ó ta ilé di ọlọ́gbọ́n.

Ọ̀nà tí ọ̀rọ̀ náà gbà rìn ní Àbújá tún yẹ ní àgbéyẹ̀wò. Ẹ̀wọ̀n gbére ni òfin ti ń fún irú ọ̀daràn bẹ́ẹ̀. Sẹ́nétọ̀ Ali Ndume láti ìpínlẹ̀ Borno ni ó dìde pé kí a sọ ọ́ di ikú. Barau Jibrin, igbákejì olórí ilé, tí ó wà lórí àga, ní kí àwọn tí ó fara mọ́ ọn wí pé bẹ́ẹ̀ ni, kí àwọn tí kò fara mọ́ ọn wí pé bẹ́ẹ̀ kọ́. Ó fi etí wọn ohùn méjèèjì, ó sì lu òòlù. Adams Oshiomhole láti ìpínlẹ̀ Edo ṣàtakò pé ọ̀rọ̀ ìyè àti ikú kò yẹ ní ohun tí à ń fi ariwo ẹnu pinnu, ṣùgbọ́n wọn kò gba tirẹ̀. Ẹyin ni ohùn. Bí ó bá balẹ̀, fífọ́ ni í fọ́. Láti inú ariwo bẹ́ẹ̀, ta ni ó lè mọ ohun tí sẹ́nétọ̀ tirẹ̀ wí?

Ilẹ̀ yìí ti rìn ní ọ̀nà yìí rí. Ní ọdún 1984, ìjọba ológun Ọ̀gágun Buhari fi Òfin Ogún gbé ìjìyà ikú kalẹ̀ fún gbígbé oògùn olóró. Ní ọjọ́ 10 oṣù Kẹrin ọdún 1985, a yìnbọn pa Bartholomew Owoh, Lawal Ojuolape àti Bernard Ogedengbe. Nígbà tí a mú Ogedengbe, òfin kò tíì ka ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ sí ti ikú. Gbogbo ayé bẹ̀bẹ̀, etí ọba di. Ní ọdún 1986, ìjọba tí ó tẹ̀lé e pa ìjìyà náà rẹ́, ṣùgbọ́n kò lè jí òkú mẹ́ta dìde. Ìwé òfin tí à ń lò lónìí kọ̀ kí a fi òfin titun dá ẹjọ́ ẹ̀ṣẹ̀ àtijọ́. Ṣùgbọ́n kò sí ìwé òfin tí ó lè ṣe àtúnṣe ikú tí a ti pa aláìṣẹ̀.

Ó yẹ kí ọmọ Yorùbá tí ó wà ní ìdálẹ̀ ronú jinlẹ̀ lórí èyí. Àṣà wa ni láti bá ara wa gbé ẹrù: “Jọ̀wọ́, bá mi gbé páálí yìí fún ẹ̀gbọ́n mi ní gáréèjì Jàbí.” Ta ni ó ń tú páálí wò? Ní oṣù Kejìlá ọdún 2018, a mú ọmọbìnrin akẹ́kọ̀ọ́ kan ní ilẹ̀ Saudi Arabia, níbi tí a ti ń pa agbóògùn, nítorí pé àwọn oníṣẹ́ibi ní pápákọ̀ òfurufú Kánò ti fi orúkọ rẹ̀ sí àpò tí kì í ṣe tirẹ̀. Ìwádìí ni ó gbà á sílẹ̀ ní òpin oṣù Kẹrin ọdún 2019. Bí idà bá ti yá ju ìwádìí lọ ńkọ́?

Ẹsẹ̀ 36 sọ pé ẹni tí kò bá gbọ́ èdè ilé-ẹjọ́ ní ẹ̀tọ́ sí ògbufọ̀ láìsan owó. Ọ̀rọ̀ kan tí a bá túmọ̀ ní òdì lè ran àlejò tí kò ní ẹbí nítòsí lọ sí ẹ̀wọ̀n. Bí ikú bá jẹ́ ìjìyà, yóò rán an lọ sí sàréè. Ọ̀gá oníṣòwò tí ó ní owó agbẹjọ́rò kì í sábà gbé ẹrù fúnra rẹ̀. Tálákà tí ó gbé e ni ọwọ́ ń tẹ̀. Málẹ́ṣíà, tí ó ti ń yẹgi fún agbóògùn fún ọ̀pọ̀ ọdún, yí òfin rẹ̀ padà ní ọdún 2023 kí ìdájọ́ ikú má baà jẹ́ dandan fún adájọ́ mọ́.

Ohun tí ó ń ba ọ̀daràn lẹ́rù ni kí ó mọ̀ dájú pé ọwọ́ yóò tẹ òun, kí ọ̀gá rẹ̀ sì mọ̀ pé owó kò ní yọ òun. Níbẹ̀ ni kí àwọn aṣòfin fi agbára sí. Bí wọ́n bá sì tún fẹ́ sọ̀rọ̀ ikú, kí wọ́n dìde ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, kí a kọ orúkọ wọn sílẹ̀. Ẹni tí kò bá lè fi orúkọ rẹ̀ sí ikú ọmọ ẹlòmíràn, kí ó má fi ohùn rẹ̀ sí i.