OWÓ TÍ Ó ṢÌNÀ ÀTI OWÓ IṢẸ́ BÁŃKÌ

Ọ̀pọ̀ nínú wa kì í tò sórí ìlà mọ́ kí a tó san owó iná mànàmáná. Orí fóònù ni a ti ń san án. Ohun rere ni. Ṣùgbọ́n bí ìka bá ṣi nọ́ńbà kan ṣoṣo tẹ̀, mítà ẹlòmíràn ni owó yóò bá lọ, ẹni tí ó sanwó yóò sì wà nínú òkùnkùn.

Ní oṣù kìíní ọdún 2020, ìlànà Báńkì Àpapọ̀ ilẹ̀ Nàìjíríà fi gbèdéke lé owó iṣẹ́ orí owó tí a fi ẹ̀rọ ránṣẹ́: náírà 10 fún owó tí kò ju 5,000 lọ, náírà 25 títí dé 50,000, àti náírà 50 fún èyí tí ó ju bẹ́ẹ̀ lọ. Owó kékeré ni lójú ọlọ́rọ̀. Ṣùgbọ́n díẹ̀ díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà. Ẹni tí ó ṣì í san, tí ó sì tún un san, ti san owó iṣẹ́ lẹ́ẹ̀mejì. Bí a bá tún yọ owó lára èyí tí a dá padà fún un, ó di ẹ̀ẹ̀mẹta.

Èrò tiwa nìyí. Bí ó bá jẹ́ pé ẹ̀rọ ni ó ṣe àṣìṣe, kí owó náà padà tòun ti owó iṣẹ́ rẹ̀. Ní oṣù kẹfà ọdún 2020, Báńkì Àpapọ̀ pàṣẹ pé kí a máa yanjú ìsanwó orí íntánẹ́ẹ̀tì tí kò yọrí láàrin wákàtí 72. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n a kì í gba ọ̀yà iṣẹ́ tí a kò ṣe. Bí ó bá sì jẹ́ ọwọ́ olówó ni ó ṣì í, a kò ní kí báńkì má gba owó iṣẹ́ àkọ́kọ́, nítorí iṣẹ́ tí a rán an ni ó jẹ́. Kí ó má ṣáà gba òmíràn nítorí àtidá owó padà. Ẹ̀ṣẹ̀ kan kò yẹ ní ìyà méjì.

Àwa oníbàárà pẹ̀lú ní ojúṣe tiwa. Bí orúkọ ẹni tí ó ni àkáǹtì tàbí mítà bá hàn, kí a kà á dáadáa kí a tó fọwọ́ sí i. Bí àṣìṣe bá ti ṣẹlẹ̀, kí a kọ̀wé sí báńkì àti ilé iṣẹ́ iná lọ́jọ́ náà gan-an, kí a fi ẹ̀rí ìsanwó sí i, kí a sì dárúkọ owó iṣẹ́ tí a ń béèrè. Bí báńkì kò bá dáhùn, kí a gbé ẹ̀sùn náà lọ sí Báńkì Àpapọ̀. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá àwọn tí kò mọ̀wé kọ tiwọn. Ẹni tí ó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́.